Wákàtí Mẹ́ta Tó Lé

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta

Láti àárọ̀ ni ìyàwó mi ti ń di ẹrù, tó ń tú u, tó tún ń di í. Ọmọbìnrin wa ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lókè òkun. Ó ní egungun ọrùn ẹsẹ̀ òun ti là, kí ìyá òun wá bá òun gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ní ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ níṣẹ́. Èmi náà níṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí.

Mo rí aṣọ funfun rírọ̀ mẹ́jọ nísàlẹ̀ báàgì. Mo ní kí ni wọ̀nyí? Ó ní wọ́n fi ń wé ẹsẹ̀ tó là ni. Aṣọ mẹ́jọ fún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo wò ó, ó wò mí, ó ká wọn padà sínú báàgì. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Eruku pọ̀, ooru mú. Mo ní kó jẹ́ n wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní inú fóònù ló wà, fóònù sì ti fẹ́ kú. Alẹ́ àná ni mo fi ọwọ́ ara mi ki fóònù yẹn bọ iná.

Bàálù gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Láti ibí dé ìlú ọmọbìnrin mi, ẹgbàárùn-ún kìlómítà ni ó dín ọgọ́rùn-ún. Bàálù ńlá ń sá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ní wákàtí kan. Wákàtí mọ́kànlá, kò lé, kò dín. Ọdún tí ọmọ náà kó lọ ni mo ti ṣírò rẹ̀. Mo ní tó bá balẹ̀ kó pè mí. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aago sílẹ̀ fún òní nìkan."

Ó ṣì ń pè mí ní Bàbá Ìbejì. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé Bàbá Aago ni mò ń jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Ìdájí òní, aago márùn-ún kọjá, ló tó pè. Wákàtí mọ́kàndínlógún! Mo ní ibo lo gbà? Ó ní bàálù dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní díẹ̀ wo ló ń jẹ́ wákàtí mẹ́jọ? Ó ní òun ń jẹun lọ́wọ́, òun á pè mí padà.

Mo pe ọmọbìnrin mi. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Bàbá mi, Màámi ti dé o, wọ́n ti sùn." Ìyá ní òun ń jẹun, ọmọ ní ìyá ti sùn. Àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ ráyè ṣe ìpàdé kí wọ́n tó purọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Mo gbé aago ògiri ilé ìwé kan tí mo tún ṣe lọ fún wọn, mo sì yà ní ṣọ́ọ̀bù tíkẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú báǹkì. Ọmọge tó wà níbẹ̀ ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó sì ń tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń lù ú. Mo ní bàálù wo ló ń lo wákàtí mọ́kàndínlógún dé ìlú ọmọbìnrin mi? Ó wò ó títí. Ó ní kò sí. Ojoojúmọ́ ni bàálù ń lọ tààrà, wákàtí mọ́kànlá, kì í yà síbì kankan. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá lo mọ́kàndínlógún, ibòmíràn ló ń lọ."

Mo dúpẹ́, mo jáde, mo rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù ara mi láìmọ̀.

Tó bá jẹ́ àìsàn ló ń ṣe é tí wọ́n fi pa mọ́ fún mi ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọkùnrin ńkọ́? Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Ó pè ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú. Ó béèrè oúnjẹ mi, ó béèrè oògùn mi. Mo dáhùn bí ọmọlúàbí. Lójijì ló ní, "Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ jẹ́ n lọ ti fèrèsé."

Aago méjì ló wà lókè tábìlì iṣẹ́ mi. Ọ̀kan jẹ́ tiwa, ìkejì jẹ́ ti ìlú ọmọbìnrin mi, tó fi wákàtí márùn-ún ṣáájú. Mo gbójú sókè wò ó. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú ló wí. Ilẹ̀ wo ló ń ṣú ní aago mẹ́rin ku ogún?

Mo gbé aago náà sọ̀kalẹ̀, mo tú u palẹ̀. Ó lè jẹ́ òun ló ń purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Mo fọ gbogbo kẹ̀kẹ́ eléyín inú rẹ̀, mo kán òróró sí i, mo ṣọ́ ọ fún odindi ọjọ́ méjì. Kò fi ìṣẹ́jú kan sáré, kò fi ìṣẹ́jú kan lọ́ra. Kò sí ohun tó ṣe aago mi.

Bátìrì kékeré ti tún gbówó lórí. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí, kò ju kó pa eruku lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mo gbọ́ igbe ọmọ tuntun nínú fóònù lónìí. Mo ní ọmọ tuntun, n kò sọ pé ọmọdé. Ẹni tó bá ti fi apá gbé ìbejì rí, kò ní ṣi igbe yẹn gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ ọmọbìnrin mi, ó ti ń ka ìwé.

Mo ní ọmọ ta nìyẹn? Ìyàwó mi ní tẹlifíṣọ̀n ni. Tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún sì sín, ìyàwó mi sì ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi."

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

N kò lè ṣiṣẹ́. Ó ti dá mi lójú wàyí: wọ́n ti fi ìyàwó mi ṣe olùtọ́jú ọmọ nílé onílé. Ọmọbìnrin mi ló wá iṣẹ́ fún un. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, opó tó ń yan búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó nu ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọmọ méjì lẹ bí, ẹyọ kan lẹ sì ń kà." Mo ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìgbà tí mo bá rí ìyá ìbejì míràn tó bí ẹyọ kan, kí n wá fi hàn án, òun á dẹ́kun.

Ẹni yẹn tí òun àti ọmọbìnrin mi jọ wá sáyé lọ́jọ́ kan náà, kò sí lórí ìwé mi. Ọdún kẹsàn-án rèé. Mo kọ́ ọ níṣẹ́ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ó wá dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù mi, níwájú oníbàárà mẹ́ta, ó ní iṣẹ́ aago ti kú, òkú ni mo ń tọ́jú, òun kò ní bá mi sin ín. Mo ní kó jáde, kí n má rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Mo yíjú sí i, mo ní ẹni tó bá tọ̀ ọ́ lọ, kó máa bá a gbé níbẹ̀.

N kò fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló fà á.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta

Mo dẹ pàkúté. Mo pè é ní aago méjì ọ̀sán. Fóònù dún títí kó tó gbé e, oorun sì wà lóhùn rẹ̀. Mo ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn. Mo ní, "Aago mélòó ló lù níbẹ̀ báyìí?"

Ó ní, "Aago mẹ́wàá, Bàbá Ìbejì. A ti sùn."

Mo kí i pé kó sùn ire. Aago tó wà lókè tábìlì ní méje. Mo pe ọmọbìnrin mi lójú ẹsẹ̀, mo gbọ́ ìró àwo àti ṣíbí, ó ń bu oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ko-ko-ko, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò là rí. Mo ní aago mélòó? Ó ní aago méje. Mo ní kó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun wà ní balùwẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ló wà láàárín yàrá ìdáná ọmọ yìí àti balùwẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

N kò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọge tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní ìlú wo ló wà tí aago wọn fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú tiwa, tí bàálù sì ń lo wákàtí mọ́kàndínlógún dé, pẹ̀lú ibi tó ń yà? Ó ní, "Bàbá, ṣé ọlọ́pàá ni yín?" Mo ní alátùn-únṣe aago ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ sí mi. Ìlú mẹ́ta ló jáde.

N kò mọ méjì nínú wọn. Mo mọ ẹ̀kẹta. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́tà kan tó dé ní ọdún kẹta tí ẹni yẹn ti lọ. N kò ṣí lẹ́tà náà. Èmi fúnra mi ni mo gbé e padà sí ilé ìfìwéránṣẹ́, tí mo ní kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá.

Mo jókòó lórí àga onítíkẹ́ẹ̀tì títí ó fi bu omi fún mi.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹta

Mo pè é. N kò kí i. Mo ní mo mọ ibi tó wà, mo mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó wà, mo sì mọ iye wákàtí tó fi dé ibẹ̀. Mo ń retí kó sẹ́. Mo ti to ẹ̀rí mi jọ bí agbẹjọ́rò: aṣọ mẹ́jọ, bàálù, fèrèsé, igbe ọmọ, ẹsẹ̀ tó ń dún ko-ko-ko.

Kò sẹ́. Ó ní ìyàwó ọmọ òun ti bí ọkùnrin, ọdún kẹjọ tí wọ́n ti ń retí nìyẹn. Ó ní ìyá ìyàwó náà kò sí láyé mọ́. Ta ni kó wá wẹ ọmọ fún un?

Mo ní, "O purọ́ fún mi." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dun òun. Mo ní ìgbà wo ló ń bọ̀? Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè rárá. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá tọ̀ ọ́ lọ, kó máa bá a gbé níbẹ̀. Mo ti wá. Mo sì ń bá a gbé."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì tí mo ti fẹ́ ẹ, kò gbé fóònù sílẹ̀ fún mi rí.

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Mo ti gbọ́ ọ títí, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Kò pè. Èmi náà kò pè. Òjò rọ̀, òrùlé ń jò sórí àpótí bátìrì. Mo dín ẹyin, ó jó.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Kò pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì gbígbóná wá láìjẹ́ pé mo rà á. Mo fura sí i. Mo ní ṣé òun náà mọ̀? Ó ní láti oṣù tó kọjá lọ́hùn-ún, òun ló bá ìyàwó mi ra aṣọ mẹ́jọ yẹn. Mo bínú gan-an. Mo ní gbogbo ayé ló mọ̀, èmi nìkan ni mo jẹ́ òmùgọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

Ó wá béèrè pé báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó? Mo sọ iye kìlómítà fún un. Mo sọ iye wákàtí, mo sọ ibi tí bàálù ń yà, iye wákàtí tí wọ́n ń dúró níbẹ̀. Mo sọ ọ́ dáadáa, nítorí mo ti ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ọdún mọ́kànlá rèé tó ti kú.

Ó ní, "Ti tèmi, kò sí bàálù tó ń lọ síbẹ̀."

Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ wo iná búrẹ́dì rẹ̀. Mo sunkún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tí yóò kà á.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹrin

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Mo dúró lórí ìlà láti aago méje. Akọ̀wé wo páásípọ́ọ̀tù mi, kò sí òǹtẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó ní ta ló pè yín? Mo ní kò sẹ́ni tó pè mí, mò ń lọ ni. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ẹni tí mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé òun pè mí, kó sì sọ ohun tí mo jẹ́ sí òun.

Mo padà sílé. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òfin yẹn nítorí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Mo pe ọmọbìnrin mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, mo ní kó dá ìyẹn dúró ná. Mo ní kó sọ fún arákùnrin rẹ̀ pé ọ́fíìsì ń béèrè lẹ́tà. Mo ní, "Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ o. Ọ́fíìsì ló ń béèrè. Èmi kọ́."

Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá mi." Mo mọ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ ẹkún.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹrin

Lẹ́tà ti dé. Inú kọ̀ǹpútà ọmọge tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, òun ló tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mò ń kà á. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ó ní òun ń pe bàbá òun wá sílé òun, iye ọjọ́ tó bá wù ú ni kó lò.

Mo fura. Mo ní ìyá rẹ̀ ló sọ ohun tó máa kọ fún un. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ń wá ohùn ìyàwó mi nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ déètì: aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù pé ẹni tó ń tún aago ṣe kò gbọdọ̀ kọ déètì sórí ìwé tó ń fún ẹlòmíràn láìkọ wákàtí. Ìyá rẹ̀ kò mọ ìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin

Ìwé àṣẹ jáde. Owó tíkẹ́ẹ̀tì le bí ojú ẹja. Mo ta aago onígi ńlá tí mo ní n kò ní tà láé. Ẹni tó rà á kò tilẹ̀ dúnàádúrà, ó dùn mí.

Ìyàwó mi pè lálẹ́. Ó ní wọ́n ní mò ń bọ̀. Mo ní ta ló sọ fún un? Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o." Ó ní kí n mú aṣọ òtútù dání. Kò sọ ohun mìíràn, ṣùgbọ́n òun ló pè.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Karùn-ún

Ọ̀la ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ kí n dé ibẹ̀ kí wọ́n lè fi mí ṣẹ̀sín ńkọ́? Tó bá dúró síwájú mi tó ní òkú ni mí? Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ń ru tèmi.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó máa pè mí ní ohun tó bá wù ú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún, inú bàálù

Mo jókòó ti fèrèsé, mo di àga mú. Àwòrán bàálù kékeré kan wà lójú ẹ̀rọ níwájú mi tó ń sọ iye kìlómítà tó kù. Nígbà tó di wákàtí kejì mo béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń pín omi pé ṣé iye náà jóòótọ́. Ó ní jóòótọ́ ni. Mo ṣe ìṣirò tèmi sẹ́yìn ìwé yìí, ó bára mu. Ara mi kò tíì balẹ̀ síbẹ̀.

Ibi tí a ti yà, a pẹ́. Wọ́n ní ìjì ni. Ogójì ìṣẹ́jú.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Karùn-ún

Mo ti dé. Yàrá kékeré kan ni mo ti ń kọ èyí, wọ́n na aṣọ funfun mẹ́jọ sórí okùn lẹ́yìn fèrèsé. Ìyàwó mi ń bínú sí mi pé n kò wọ aṣọ òtútù. Wọn kò tíì gbé ọmọ náà fún mi, ó ń sùn. Mo ti lọ wo ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ní pápákọ̀ òfurufú, mo jáde pẹ̀lú èrò, mo ń wá ìyàwó mi, n kò rí i. Mo ní ó tán, wọ́n ti já mi kulẹ̀. Ọkùnrin kan dúró níbi irin tí àwọn tó ń retí èrò ń fara tì, irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí. Mo wò ó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mò ń wá.

Òun ló wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán yẹn láàárín èrò, mo sì fà á dìde. Ó wo pátákó tí wọ́n ń kọ àkókò sí. Ó ní, "Bàbá mi, bàálù yín pẹ́."

Mo ní, "Bàálù kọ́ ló pẹ́, ọmọ mi. Èmi ni."

Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a sì rìn yí gbogbo ibi ìgbọ́kọ̀sí ká lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò rántí ibi tó gbé mọ́tò rẹ̀ sí mọ́.